Fọ́ọ̀mù Abẹ́ Pákó

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe. Bí pákó bá wọ́, ojú lásán ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn tèmi wọ́, mi ò tètè mọ̀.

Ìyàwó mi ni olórí àwọn tí ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Olóhùn-iyọ̀ ni mo ń pè é láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ. Ọlọ́run ò fún èmi lóhùn. Bí mo bá gbé orin, àwọn tó wà níwájú mi a bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé àga kan ló ṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ kan lókè òkun pe ẹgbẹ́ akọrin wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó yé mi pé ilé ni màá wà.

Ohun tí kò yé mi ni Atẹdùùrù. Òun ló ń tẹ dùùrù fún ìjọ wa, òun náà sì ń bá wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀wù rẹ̀ kì í rún, ìka rẹ̀ gùn, ó sì mọ́ tónítóní. Lábẹ́ èékánná tèmi, gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi ló ń gbébẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ, Olóhùn-iyọ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù báńkì kan. Ó ti kọ ọ́ tán, ó ti buwọ́ lù ú. Báńkì gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù yẹn kí wọ́n tó ṣí káàdì rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fún un lówó níbẹ̀. Ìdánrawò orin ò jẹ́ kó ráyè, ló bá ní kí n bá òun mú un lọ.

Mo sì mú un lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà báńkì gba iwájú ìjọ kọjá. Mo gbọ́ ẹ̀rín, mo yọjú ní fèrèsé. Atẹdùùrù ń sọ nǹkan, ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Irú ẹ̀rín yẹn, mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ni ín. Mo yí padà. Mo ki fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ àwọn pákó tí mo tò sídìí ògiri ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kì í rìn gbéregbère. Bí wọ́n bá ti kọrin tán, ibi tí wọ́n wọ̀ sí ni yóò máa lọ tààrà. Nígbà tó béèrè, mo ní mo ti fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ọ̀hún, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ ti da káàdì òun padà lẹ́ẹ̀mẹta, owó díẹ̀ tí òun mú dání sì ti bá ọkọ̀ lọ. Mo ṣì ń wá ohùn àánú tí màá fi dáhùn nígbà tó ní kí n má ṣèyọnu, pé káàdì Atẹdùùrù ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gba owó yá òun. Mo wá àga, n kò rí. Mo jókòó sórí pákó.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń ròyìn. Ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ nígbàkígbà tí èèyàn bá lò ó, báńkì ilé náà a sì tún yọ tirẹ̀. Nítorí náà, kàkà kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ ni, Atẹdùùrù a gbà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì yọ ti Olóhùn-iyọ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí kì í yọ púpọ̀ wà lẹ́yìn afárá kan, ìrìn ogún ìṣẹ́jú, òdòdó sì pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo béèrè ohun tí òdòdó ń wá nínú ọ̀rọ̀ owó. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan: "Olóhùn-iyọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ, òjò ti ṣú."

Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, lẹ́nu ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà, mo gé ẹsẹ̀ àga mẹ́rin, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Àdúrà tó jáde ni pé kí Olúwa jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé káàdì ọkùnrin náà mì. Mi ò lè ṣe àmín sí i.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó pè mí lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ sì le. Ó ti pe báńkì sí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Wọ́n ní àwọn ò rí fọ́ọ̀mù kankan.

"Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa," ó wí. "Mo ní ọkọ mi kì í parọ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ọ̀gá wọn ní ọmọbìnrin tí ń gba fọ́ọ̀mù ló máa ti sọ ọ́ nù, pé òun yóò lé e lọ lónìí. Àbí òun kọ́ lẹ fún, baálé mi?"

Mo mọ ọmọbìnrin náà. Ó wà nínú oyún. Bí mo bá wọ báńkì, òun ló kọ́kọ́ máa ń kí mi. Bí mo bá ní "òun ni," gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti yanu.

"Mi ò fún ẹnì kankan," ni mo wí. "Fọ́ọ̀mù náà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo parọ́ fún ọ."

Ó béèrè ìdí. Mo ní owú ni. Ó béèrè ẹni tí mò ń jowú, mo sì sọ fún un.

"Ẹ ń bẹ̀rù kí n má lọ jẹun lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn," ó wí, "lẹ wá fọwọ́ ara yín gbé mi jókòó sídìí àwo rẹ̀."

Ó ní kí n sáré lọ kí wọ́n tó lé ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fa fọ́ọ̀mù yọ lábẹ́ pákó, mo sáré lọ sí báńkì tòun ti ìyẹ̀fun igi lórí. Mo fi fọ́ọ̀mù lé ọ̀gá náà lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo èrò tó tò sílà pé ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Káfíńtà mà ni. Ìgbà wo ni káfíńtà gbé iṣẹ́ dé rí lọ́jọ́ tó dá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù, kò sì kí mi. Wọ́n ṣí káàdì náà kí n tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Olóhùn-iyọ̀ dé, ó gba ẹ̀bẹ̀ mi, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n fẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Atẹdùùrù, kí n sì pè é wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo pè é. Ó wá, nínú ẹ̀wù tí kò rún. Nígbà tí ìyàwó mi bu ẹran tó tóbi jù sí i láwo, owú tún gbéra nínú mi. Mo ní kí owú náà jókòó. Mo sún abọ́ ọbẹ̀ sọ́dọ̀ àlejò, mo ní, "Ẹ tún bù sí i."

Ó bù ú. Ó sì bù ú dáadáa.