Ooru Inú Ọkọ̀ Torvald

Ní àdúgbò wa ní Suwidini, ọkọ̀ àtijọ́ kì í fojú kan yìnyín. Bí òtútù bá ti dé, Torvald á fi kúbùsù wé ọkọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ìkókó, ó di ìgbà ooru.

Lọ́jọ́ tí a tò sẹ́bàá títì láti wo àwọn ọkọ̀ àtijọ́ náà bí wọ́n ṣe ń yan kọjá, oòrùn ń ta ganrín-ganrín. Ìrìn ìgbín ni wọ́n ń rìn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Torvald sì ń gbóná. Kò jẹ́ dúró kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú wa, ká má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alágídí! Ló bá tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, kí ooru ẹ́ńjìnnì lè gba inú ọkọ̀ jáde.

Gunvor, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, figbe ta: "Ṣé o fẹ́ sè mí jẹ ni?"

"Fara dà á jàre. Ẹ́ńjìnnì yìí ò gbọdọ̀ jóná."

"Ẹ̀hẹ́n! Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nínú òtútù, tí mo ní kó o fi ọkọ̀ yìí gbé mi lọ sọ́sípítù, kí lo wí? O ní yìnyín á ba ọkọ̀ jẹ́. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀!"

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ra áìsìkiriìmù.

Nígbà tó yá, Torvald yọrí lójú fèrèsé, òógùn bò ó. "Gunvor, ó ti tutù o! Wá wọlé!"

Gunvor ti jókòó sí ibùdókọ̀, ó ń lá áìsìkiriìmù rẹ̀.

"Ẹ máa gbádùn ara yín, ẹ̀yin méjèèjì. Bọ́ọ̀sì mi ń bọ̀."