Àmì Kan Lórí Ogun

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni Màmá Onídùùrù kọ sínú ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn orin: "Mo ń lọ nítorí ogun."

Ogójì ọdún ló ti ń tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí ìjọba kó ọmọ ọlọ́mọ lọ jà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n tún ní kó wá fi dùùrù yẹ́ ogun náà sí, ó pa ìdérí dùùrù dé gbàgà, ó ní òun ò bá wọn gbé ìlú kan náà mọ́. Ó fẹ́ kí tolórí tẹlẹ́mù mọ ìdí tí òun fi ń lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, ó yà wá kó ìwé orin rẹ̀. Obìnrin agbálẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Torí ilé bàbá yín lẹ ṣe ń fi ìlú sílẹ̀?"

Màmá wo ìwé náà. Ẹnì kan ti fa ìlà tín-ín-rín kan sórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Re-re ló kọ. Re-mí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ogun ti di ogún. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òun àti àbúrò rẹ̀, ọ̀gá gbọ̀ngàn, ti ń du ilé bàbá wọn láti ọdún mẹ́ta. Irọ́ burúkú, ṣùgbọ́n ó jọ òótọ́.

Ó já wọ ọ́fíìsì. Àbúrò rẹ̀ ò dìde, kò kí i.

"Ìwọ lo fi àmì sí i."

"Mo bá yín tún un ṣe ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àgbà ti dé, ẹ ti ń gbàgbé àmì."

"Etí mi ò tíì darúgbó. Àga tó o jókòó lé lò ń ṣọ́!"

"Ṣé kí wọ́n wá lé mi torí yín ni? Ẹ máa lọ! Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ojo ni yín!"

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. Ó pe agbálẹ̀ wọlé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọwọ́ nínú ilé, ó fọwọ́ sí i, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé náà sórí tábìlì.

"Gba ogún. Ó ku ogun. Kí agbálẹ̀ lọ sọ fún wọn níta."

Wéré ni ọwọ́ àbúrò ti bo kọ́kọ́rọ́. Fọ́tò ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú aṣọ sójà. Oṣù kejì rèé tí wọn ò gbúròó ọmọ náà. Màmá ló kọ́ ọ ní dùùrù, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Ó nàka sí fọ́tò náà. "Ta ló máa jẹ ogún yìí lẹ́yìn rẹ?"

Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ Màmá ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ ló dúró níwájú ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, tó ń fi èékánná ha àmì náà kúrò. Màmá rí i kedere. Kò juwọ́ sí i.