Ọjọ́ Tí Wọn Ò Kọ Sílẹ̀

Èékánná ni Si Maraya fi ń họ bébà náà kúrò lára géètì iléèwé. Àárín rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù eré. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù. Ewúrẹ́ mẹ́ta dúró sójú títì, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ká olè mọ́.

"Ẹ máa lọ," ó wí fún wọn.

Wọn ò lọ.

Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ inú bébà náà, àwòrán ọkọ̀ ojú omi sì wà lókè rẹ̀, pupa, funfun, dúdú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Syapen Kotan yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ pa ẹja abìyẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún yóò sì lọ wò ó létí òkun. Gbogbo ènìyàn la pè. Òní gan-an ni Ọjọ́bọ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ parọ́ mọ́ àwọn ará òdìkejì omi. Ọmọ erékùṣù yìí ló kọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ẹ̀yà Tao tí Tao bí, ọmọ apẹja.

Lásìkò ẹja abìyẹ́, a kì í la ẹnu sọ pé à ń lọ sójú omi. A kì í bi ọkùnrin tó gbé àjẹ̀ lé èjìká pé níbo ló forí lé. Bó o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, o kẹ̀yìn sí òkun, o yíjú sí òkè, o jẹ́ kó kọjá. Àwọn anito, ẹ̀mí àwọn tó ti kú, ní etí tó mú ju tiwa lọ; bí wọ́n bá gbọ́ ọjọ́, wọ́n á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí. Si Maraya mọ̀ ọ́n kó tó mọ bàtà wọ̀.

Fọ́ọ̀mù ló fà á. Fọ́ọ̀mù àwọn elétò ẹ̀kọ́ ní àyè fún ọjọ́, ó ní àyè fún wákàtí, ó ní àyè fún orúkọ ẹni tí yóò wá kọ́ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Si Maraya fi ṣe tíṣà ní Taitung, lódìkejì omi, kó tó padà wálé, irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ló sì fi ń jẹun. Ó rí àyè, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn nígbà tó kọ ọ́ tán. Ọ̀gá iléèwé wá yọ ọ̀rọ̀ náà nínú fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ní ìrọ̀lẹ́ àná láti fi yẹ́ ẹ sí. Ìgbà tí Si Maraya dé ní àárọ̀ yìí, tó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níta gbangba, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ló tó rí ohun tí òun ṣe.

Òní kọ́ ló sì yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jà kí Ọjọ́bọ̀ tó di ọjọ́ ẹ̀kọ́ òkun, ní èdè Tao, láti ẹnu àgbà. Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Taitung lónìí láti wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ọjọ́bọ̀ di tàwọn ọmọ náà. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí àyè.

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sílé Syapen Kotan.

Bàbá náà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, jókòó síwájú ilé, ó fẹ̀yìn ti òkúta ìfẹ̀yìntì tí bàbá bàbá rẹ̀ rì síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú òkun. Òkun tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò gbójú kúrò lára kókò tó ń bó.

"Oníròyìn wa, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé máìkì yín lẹ gbàgbé síbí?"

"Kaminan," Si Maraya wí, bí a ṣe ń pe àǹtí ẹni, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ya bébà yẹn."

"O ya bébà. Etí àwọn tó ti gbọ́ ọ ńkọ́, ṣé o ya ìyẹn náà?"

"Maran." Ó yíjú sí bàbá náà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń fi Maran pè. "Mo ṣe àṣìṣe."

Syapen Kotan rún betelì ẹnu rẹ̀, èso tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń jẹ bí obì, ó tutọ́ pupa sílẹ̀.

"Ọkọ̀ mẹ́rìnlá," ó wí. "Kì í ṣe tèmi nìkan. Mẹ́rìnlá ni wọ́n fà gòkè ní ìrọ̀lẹ́ àná, gbogbo abúlé. Ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ọkùnrin náà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkun mọ́."

"Òkun tó dáa báyìí?"

"Òkun tó dáa báyìí."

"Kò lè mọ̀," ìyàwó rẹ̀ wí fún kókò ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá bímọ ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu. Ta ló fẹ́ ṣọ́ ẹnu fún?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Níbí, ọmọ ló ń sọ òbí lórúkọ. Ọjọ́ tí obìnrin bá bí àkọ́bí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ á dópin, á di Sinan, ìyá lágbájá. Ọkọ rẹ̀ á di Syaman. Bí ọmọ-ọmọ bá dé, àwọn méjèèjì á di Syapen. Si ni wọ́n fi ń pe ọmọdé. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Si Maraya. Àwọn ìyá àwọn ọmọ tó ń kọ́, àwọn tó lè fi inú ara rẹ̀ bí, Sinan ni gbogbo wọn, òun sì wà ní Si bí ọmọ tí imú rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Tó bá dé iléèwé, Olùkọ́ Chou ni, orúkọ tí ìjọba Ṣáínà fún bàbá rẹ̀ láìbèèrè. Nínú orúkọ méjèèjì, kò sí èyí tó bá a dàgbà.

"Ìyẹn tó," Syapen Kotan wí fún ìyàwó rẹ̀. Ó wá kọjú sí Si Maraya fún ìgbà àkọ́kọ́. "Máa lọ. Àwọn àlejò rẹ ti ń bọ̀."

"Maran, ṣé ẹ̀yin ò wá ní lọ sójú..."

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìbéèrè tó kù díẹ̀ kó bi í, irú rẹ̀ gan-an ló ba nǹkan jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Hsieh, olórí iléèwé, ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti to àga rọ́bà jọ. Èèyàn dáadáa ni, ẹ̀bi rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ràn kí nǹkan lọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

"Olùkọ́ Chou! Ta ló ya bébà mi?"

"Èmi ni."

"Ó mà rẹwà o!"

Ó ṣàlàyé fún un. Ọ̀gá Hsieh gbọ́ ọ dópin, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀.

"Iwin," ó wí.

"Ọ̀gá, ìyá yín ń sun tùràrí fún bàbá yín ní gbogbo oṣù. Ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀."

"Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bèèrè ohun tá a máa fi han obìnrin yìí ni. Ó ti wọ bàálù."

"Etí òkun la máa fi hàn án."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ní aago mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àwọn ọmọ mọ́kànlá jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí òkun. Ìyáàfin Pan, alábẹ̀wò, jókòó sórí àga rọ́bà, fọ́ọ̀mù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá tò lókè lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ewé gbígbẹ bo imú wọn. Omi ń dán. Ẹja abìyẹ́ kan fò jáde lókèèrè, ó tún fò, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Si Maraya dúró síwájú wọn. Orúkọ ẹja méjìlélógójì ló ti kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ya gbogbo wọn sára ògiri. Kò sí ọ̀kan tó wá sí i lẹ́nu. Ó yíjú wo omi, ó bi wọ́n ní èdè Tao:

"Kí ló dé tí kò sí ọkọ̀ lójú omi?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan, Si Ravoy, tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ló dáhùn.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ síta."

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́!" ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

"Pẹ̀lú àwòrán!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún. Kódà Ọ̀gá Hsieh, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ yín pé a kì í sọ ọ́?" Si Maraya bèèrè. Òun kọ́ ló kọ́ wọn. Kò sí nínú gbogbo ètò ẹ̀kọ́ tó kọ fún ọdún mẹ́ta.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wa."

"Bàbá mi máa ń ki àjẹ̀ bọ àpò ìrẹsì," ọmọkùnrin kan wí. "Màmá mi á ní ká wá wo tẹlifíṣọ̀n. Ká má wo ẹnu ọ̀nà."

"Èmi bi bàbá mi lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àgbà gbá mi lẹ́nu!"

"Ìwọ náà! Ẹnu rẹ tóbi ju tíṣà lọ."

Si Maraya túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí èdè Ṣáínà fún àlejò náà, títí kan àpò ìrẹsì, títí kan àbàrá ẹnu, títí kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyáàfin Pan ń kọ ọ́ kíákíá. Nígbà tó yá, kò kọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń gbọ́.

"Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ tó dùn báyìí rí," ó wí níkẹyìn. Ó wá ṣí ojú ìwé kejì. "Màá fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ló kù. Ẹ kọ ọjọ́ tàwọn àgbà máa wá lọ́dún tó ń bọ̀ fún mi, àti orúkọ wọn."

"Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Kì í ṣe èmi ló máa kà á, Olùkọ́ Chou. Kọ̀ǹpútà ni. Bó bá rí àyè tó ṣófo, ó máa lé gbogbo rẹ̀ padà." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ kọ ọjọ́ kan ṣáá. Èyíkéyìí. Kò sẹ́ni tó máa wá wò ó."

"Ẹ kọ ọjọ́ ìbí mi," Ọ̀gá Hsieh wí. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Si Maraya gba bírò. Ṣé nítorí nọ́ńbà méjì ni ọdún mẹ́ta máa fi lọ báyìí? Oṣù àti ọjọ́, kó sì parí. Ó fi ẹnu bírò kan bébà. Àwọn ọmọ ti na ọrùn wò ó. Ojú méjìlélógún ló wà lára ọwọ́ rẹ̀, Si Ravoy sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíràn pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ó dá bírò padà.

"Èyí tá a bá kọ, a ti sọ ọ́ nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ìyáàfin Pan pa fọ́ọ̀mù náà dé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ó lọ bá mọ́tò tó ń dúró dè é. Ọ̀gá Hsieh bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga jọ.

"Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà," ó wí.

"Gẹ̀ẹ́sì."

"Ọdún mẹ́ta, Olùkọ́ Chou."

"Ọ̀gá, èmi náà mọ̀ ọ́n kà."

Wọ́n tú iléèwé ká ní ọ̀sán nítorí àlejò, àwọn ọmọ sáré lọ jẹun nílé wọn. Si Maraya kò ní ibi tó ń sáré lọ. Ó jókòó sórí ògiri tí wọ́n mọ láti fi dá ìgbì dúró, ó ń jẹ ànàmọ́ tútù tó gbé wá láti ilé. Bàálù kékeré náà gba orí òkè kọjá, ó sì lọ. Ó gbìyànjú láti ronú ohun tó máa sọ fún ìyàwó Syapen Kotan bí wọ́n bá tún pàdé. Obìnrin yẹn kò kúkú parọ́ mọ́ ọn. Àṣà tó rò pé òun wá gbà là fún àwọn ọmọ náà, inú ilé tirẹ̀ nìkan ló ti sọnù; ilé tiwọn ṣì ń gbá ọmọ lẹ́nu.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀. Láti igun ojú ló ti rí i: ọkùnrin àgbàlagbà kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti abúlé, nǹkan gígùn kan wà léjìká rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì. Aago mẹ́jọ ti bébà ti kọjá, kò sì sí aago mìíràn tí ẹnikẹ́ni kọ.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ dárí jì mí. Mi ò kọ ọ́, Maran, ṣé wọ́n sọ fún yín pé mi ò kọ ọ́?

Ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà, ó kọjú sí òkè.

Ẹsẹ̀ náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò dúró, kò sì yára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ kéékèèké, ẹsẹ̀ àwọn tó bọ́ bàtà sílé kí ó má baà pariwo. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnìkan gbá a lẹ́nu. Wọ́n pọ̀. Si Maraya kò kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jáde, kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ fún wọn, wọ́n sì wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ ikùn ọkọ̀ tó ń ha òkúta lọ sísàlẹ̀, ó gbọ́ omi tó gbà á.

Òkè tó kọjú sí ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni ìyá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó nígbà ẹja abìyẹ́, ẹ̀yìn sí òkun, ọwọ́ lórí itan, láìwo ibì kankan. Ó ti rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ẹnu rẹ̀ dé pátápátá, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ kó lọ, kò sì sí ẹnì kan lórí ògiri gígùn náà tó lè rí i.