Ọmọ Tó Ń Sùn Nídìí Ẹ̀rọ

Kafayath kò tíì wọlé tán tí Àríyìkẹ́ ìyá rẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n tún nà án. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀, ó kọ ojú kan sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tó bọ́ sí ìmọ́lẹ̀, ètè òkè rẹ̀ ti wú bo ti ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí ihò imú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Yasser, ọmọ oṣù mẹ́rin, ti ń tòògbé.

"Kí ló tún dé?"

"Ọmọ ò sùn."

"Ṣé inú ẹnu rẹ ni oorun ọmọ wà, tí Alassane ọkọ rẹ fi ń fi ẹ̀ṣẹ́ wá a níbẹ̀?"

Kafayath fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kò jẹ́. Ó ní, "Ìyá, ó ní lónìí lòun máa gbé e lọ fún ìyá òun ní Tchetti. Kó máa lọ mu ògì níbẹ̀."

"Ọmọ tó ń mu ọmú?"

"Ohun tí mo wí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi là mí lẹ́nu."

Àríyìkẹ́ ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti pákí gbígbẹ létí ọ̀nà Gouka. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ẹ̀rọ náà sì dákẹ́, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní kan, ó ń tò ó padà, ó ń tú u, títí ó fi mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan wà fún. Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń so ẹsẹ̀ ńlá tó ń yí lára ẹ́ńjìnnì mọ́ orí ẹ̀rọ, níbi tí irin méjì pẹlẹbẹ ti kọjú síra wọn tí wọ́n ń jẹ àgbàdo kúnná. Láti ìgbà tí Kafayath ti jáde ọjọ́ mẹ́jọ ló ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, pẹ̀lú Yasser lẹ́yìn.

Àwọn oníbàárà a máa yin ọmọ náà. "Ọmọ dáadáa lèyí! Nínú ariwo báyìí, kò tiẹ̀ ké." Òótọ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún, orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmú pàápàá kì í rántí béèrè. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wàhálà dé. Igbe ni títí àkùkọ yóò fi kọ. Wọ́n ti fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi òrí ra á níkùn, wọ́n ti gbé e lọ rí nọ́ọ̀sì ní Bantè. Nọ́ọ̀sì ní kò sí àìsàn lára rẹ̀. Ó bi Kafayath bóyá ọmọ ń sùn lọ́sàn-án. Kafayath gbé àyà sókè: "Ó ń sùn gan-an. Kì í yọ mí lẹ́nu rárá." Ẹni tó kàn sì ti wọlé, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Alassane ọkọ rẹ̀ ń fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gba ọ̀nà eruku. Láìpẹ́ yìí, nítorí àìsùn òru, ó sùn lọ lórí rẹ̀, ó ṣubú sínú gọ́tà, bẹntiróòlù ya sí i lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ẹni tó sáré wá gbé e ní sìgá lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba Alassane, ẹ̀rù náà sì ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ara Kafayath ló sì ń sọ ọ́ sí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń lọ ní kíkankíkan, àwọn obìnrin to àwo wọn sílẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà. Alassane kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá láàárín àwo, ó di ìdí ọ̀já mú lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó fà á.

Nínú ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ igbe. Ẹnu Kafayath là, ó pa dé, ó tún là. Ó fi apá méjèèjì di ọmọ mú lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wá wà ní gbangba, Alassane sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ síbẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Àwo dànù, àgbàdo fọ́n ká, àwọn obìnrin ń ti ara wọn jáde. Àríyìkẹ́ gbé igi tó fi ń ti àgbàdo sẹ́nu ẹ̀rọ, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn ọrùn. Alassane yíjú padà, ó fi ọwọ́ òsì fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, ó tì í mọ́ orí ẹ̀rọ títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kafayath bẹ́ mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó gé e jẹ léjìká. Bó ṣe ju ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láti gbọ̀n ọ́n nù ni apá kóòtù rẹ̀ tó fẹ̀ bọ́ sórí bẹ́líìtì.

Bẹ́líìtì kò mọ ọkọ, kò mọ àna. Ó fa aṣọ, aṣọ fa apá, apá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ńlá náà. Àríyìkẹ́ kò gbọ́ ìgbà tí egungun ṣẹ́. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló fi mọ̀, nítorí ó tú lójijì.

Ó lè pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rọ rẹ̀: bí a bá pa á, ẹsẹ̀ ńlá yẹn á ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀, ìgbà tó bá fi máa dúró, apá á ti já. Ó fa àdá tó fi ń já ẹnu àpò yọ, ó ṣá bẹ́líìtì náà. Àdá ta padà. Ó tún un ṣá pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, bẹ́líìtì já, ìdí rẹ̀ fò wá bí ejò, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ya láti etí dé àgbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ohun tó ń fà mọ́ wá ń sáré bí ẹni tó ya wèrè. Àríyìkẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ pa á.

Ilé pa rọ́rọ́. Alassane wà nílẹ̀, ó ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lọ́rùn. Yasser, tó ti sùn la ìjà náà já, la ojú, ó wo òrùlé, ó sì fi igbe ta.

Wọ́n fi igi di apá Alassane, wọ́n gbé e sáàárín ọkùnrin méjì lórí alùpùpù lọ sí Bantè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Savalou. Kó tó pẹ́, ó ti fi fóònù ránṣẹ́: bó bá ti lè dìde, òun àti ìyá òun ń bọ̀ wá gbé ọmọ òun.

Kafayath kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́líìtì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Gouka, kò sí ní Bantè, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rọ wà níbẹ̀ láìdún. Yasser kò wá sùn lóru, kò sì sùn lọ́sàn-án mọ́. Ó ń na ara gbọnrangandan, ó ń fi orí gbá ìyá rẹ̀ láyà, ó ń fi èékánná ya ọmú tó ń mu. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Kafayath gbé e sókè níwájú ojú ara rẹ̀, ìka rẹ̀ wọ ọmọ náà níhà, ó sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì í.

"Kí lo fẹ́? Kí lo fẹ́ gan-an?"

Àríyìkẹ́ já ọmọ gbà, ó sì gbá ọmọ tirẹ̀ létí. "Má mì í! Ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Gbé e lé ẹní kó máa ké, kí o jáde lọ jókòó síta. Igbe kò ní pa á."

Kafayath jókòó síta, ó ń sunkún. Yasser ń sunkún nínú ilé. Àríyìkẹ́ dúró láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n rán.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà mu ọmú léraléra títí oòrùn fi rọ̀, ó ń wo adìyẹ, ó ń wo ewé káṣù tó ń mì. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó mu ọmú tán, ó sùn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de igbe. Igbe kò dé títí oorun fi gbé àwọn náà lọ. Ó jí lẹ́ẹ̀kan láti mu ọmú nínú òkùnkùn, ó tún sùn padà. Láàárọ̀, Kafayath ni ìyá rẹ̀ bá tó ń fi etí sí imú ọmọ bóyá ó ń mí.

Inú Kafayath dùn, kò béèrè ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kó má wádìí ìdí rẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì dé láti Savalou, ó so ó, ó ní kí Kafayath pọn ọmọ wá. Yasser ń wo gbogbo wọn pẹ̀lú ojú kedere. Àríyìkẹ́ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gba ẹsẹ̀ Kafayath gùn wá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ àyà ọmọ. Ojú ọmọ rọ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀. Àríyìkẹ́ pa ẹ́ńjìnnì; ojú ọmọ là. Ó tún ṣáná sí i. Orí tún tẹ̀.

Àríyìkẹ́ bú sẹ́rìn-ín títí ojú ọgbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n rán fi ń dùn ún.

"Ẹ̀rọ mi ló ń jẹ oorun ọmọ yìí! Gbogbo oorun rẹ̀ ló ń sùn tán níbí lọ́sàn-án, ọmú tó yẹ kó mu kò mu ún. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ebi á dé, oorun á ti tán. Àwa sì ń yìn ín!"

Láti ọjọ́ yẹn, Yasser kò dé ìdí ẹ̀rọ mọ́. Kafayath ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ igi káṣù tó jìnnà sẹ́yìn ilé. Lọ́sàn-án wọ́n ń bá a ṣeré, wọ́n ń jẹ́ kó sùn díẹ̀. Lálẹ́, ìwẹ̀, ọmú, iná rírẹlẹ̀. Bó bá jí, wọ́n á fún un lọ́mú láìbá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan ni Oumou, ìyá Alassane, wọlé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Àríyìkẹ́ sáré gbé ìka lé ẹnu. "Ẹ rọra, Ìyá Alassane. Ó ti sùn."

"Ta ló sùn?"

"Yasser ni."

Alassane wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi nǹkan funfun tó le bíi símẹ́ńtì di apá ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ẹní, ohùn òun náà sì rẹlẹ̀ láìmọ̀. "Kí lẹ fún un mu?"

"Ọmú ìyá rẹ̀."

"Irọ́ ni."

"Tó bá jẹ́ irọ́, pariwo," ni Àríyìkẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Jí i. Ìwọ lo máa rẹ̀ ẹ́ kó tó tún sùn."

Alassane kò pariwo. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Gbé e fún ìyá mi."

"Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni."

Ó fi ọwọ́ tó kù gbá irun dídì Kafayath mú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Kafayath ki aṣọ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú kó má baà ké. Àríyìkẹ́ wá ìka tó kéré jù lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Alassane ta á nípàá lójúgun, bàtà rẹ̀ bó o láwọ. Èémí nìkan ló ń dún.

Yasser mí kanlẹ̀, ó yí orí.

Gbogbo wọn dúró bí wọ́n ṣe wà, irun lọ́wọ́, ìka lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lókè. Ọmọ náà ta ẹnu bí ẹni tó ń mu ọmú, ó dákẹ́. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. Alassane gbọn irun náà, orí Kafayath sì kan ògiri.

Oumou ń wò wọ́n. Ó wo ètè Kafayath tí àpá ti là sí méjì, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àríyìkẹ́. Ó rìn bọ́ sáàárín wọn, ó sì gbá ọmọ rẹ̀ létí. Ìgbátí náà dún káàkiri ilé. Gbogbo wọn yíjú sí ẹní. Yasser ń sùn.

"Ìyá..."

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́!" ni Oumou wí, pẹ̀lú eyín dídì. "O sọ fún mi pé ìyàwó rẹ kò mọ ọmọ tọ́. O ò sọ fún mi pé ò ń nà án. Irun rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ lójú mi báyìí. Tú u sílẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ tú.

"Ọmọ tí kì í sùn ni mo wá gbé. Mi ò rí i níbí. Bọ́ síta."

Alassane wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ, ó jáde. Oumou tẹ̀ba sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, lẹ́yìn náà ó bá Kafayath tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bó bá wù ọ́ láti padà sílé rẹ̀, ìwọ ni kó o sọ. Bí kò bá wù ọ́, èmi náà ò ní í bi ọ́."

"Kò wù mí, Ìyá."

"Ó dáa." Ó yíjú sí Àríyìkẹ́. "Ìgbà wo ló máa jí?"

"Àárọ̀."

"Màá padà wá láàárọ̀ kí n rí ojú rẹ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó kó o dání. Lóde, ọlọ́kadà tó gbé wọn wá ti fẹ́ ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, ni Oumou bá gbá a lọ́wọ́. Ó ní kó kọ́kọ́ tì í dé ojú ọ̀nà.