Ọjọ́ Tí Gómìnà Fi Báírò Kọ

Moses Ògúnníyì ju mí lọ ní ọdún méje, ó sì ti jẹ gómìnà rí, ṣùgbọ́n n kò ní fi "wọ́n" pè é nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó bá dùn, kó wá bá mi wí. Èmi Lydia Ọ̀pádọ̀tun, tí mo fi ìka ara mi tẹ lẹ́tà rẹ̀ fún ọdún méjì, mo mọ ohun tí mo rí, ó sì ń rí mi lára títí di òní.

Ilé wa ní Tudun Wada, ní Jos, ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ ń wa kùsà, irin funfun inú ilẹ̀, ní Bukuru, ihò kùsà ya lù ú, ó kú, ìyá rẹ̀ sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Màámi, Christianah alábọ́, ló mú ọmọ náà sọ́dọ̀. Abọ́ tánganran ni màámi ń tà, ní ìlà àwọn alábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń tajà kí wọ́n tó bí mi. Moses a máa bá a ru abọ́ lọ sọ́jà kó tó lọ sílé ìwé. Gwate gbígbóná, tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní áchà àti ewébẹ̀ sè, ló fi ń lé òtútù Jos láràárọ̀. Ìyẹn, ó jẹ ẹ́ yó. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Moses kò jẹun nílé wa.

Ó wọṣẹ́ sójà. Ogun jà, ogun tán, Moses di kọ́nẹ̀lì. Ní ọdún 1976, rédíò kéde pé òun ni gómìnà wa tuntun. Àwọn alábọ́ fò sókè. Bàbá Ọláwándé, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, sunkún ní gbangba ọjà. Màámi lọ wá abọ́ tí Moses fi ń jẹun nígbà èwe rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì, bí ẹni pé yóò yà wá jẹun lọ́jọ́ náà.

Kò yà o. Ó di oṣù kẹta kó tó wá, tòun ti mọ́tò márùn-ún, àti àwọn sójà tí wọ́n fi bàtà tẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀. Màámi kúnlẹ̀, ó kí i bí àwọn Haúsá ṣe ń kí ọba wọn: "Rànkà yá dádé, ọkọ mi." Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ wẹ̀! Mo dúró kí Moses sáré gbé e dìde. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Kó tó lọ, ó ní kí n wá máa ṣiṣẹ́ táípíìsì ní ọ́fíìsì òun. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ ni pé bí mo bá tẹ lẹ́tà tán, kí n tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi méjèèjì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí yóò bá wí bí àṣìṣe bá wà. L.O. Ọ̀pọ̀ ìwé ni mo tẹ̀ ẹ́ sí tí n kò tún rò ó wò mọ́.

Ọdún kejì, àlejò ńlá kan ń bọ̀ láti Èkó. Moses kò fẹ́ kí ó rí páànù tó ti dípẹtà lórí ìsọ̀ àwọn alábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn alábọ́ gbọ́ fìrífìrí pé ó fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn, wọ́n bá a sọ ọ́. Ó fi Bíbélì búra: "Walahi, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ìsọ̀ ìyá mi." Sójà ìjọ Onítẹ̀bọmi tó fi Bíbélì búra, tó tún ń pe Walahi! Ó yẹ kí ojú mi ti là láti ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ní kí n tẹ lẹ́tà méjì. Èkíní ń pe gbogbo alábọ́ sí Bukuru lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Gómìnà fẹ́ bá àwọn òbí rẹ̀ ṣèpàdé. Èkejì ní kí àwọn oníkatapílà wó ìlà alábọ́.

"Fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ nínú èkejì yìí," Moses wí. "Èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́. Bí Màmá bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, iṣẹ́ rẹ tán."

Mo fi àyè sílẹ̀. Mo tan ara mi pé ó di oṣù díẹ̀ sí i, lẹ́yìn tó bá ti wá ibòmíràn fún wọn. Kí n má purọ́: ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dùn, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Mádáàmù. Mo panu mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ alábọ́, àṣà kan wà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ṣoríire tó sì ránṣẹ́ pè wọ́n, gbogbo ìsọ̀ ni wọ́n ń tì. Ẹni tó bá fi ènìyàn kan sílẹ̀ ṣọ́ ọjà, wọ́n á ní ó ń fi ibi retí ọmọ náà. Moses mọ àṣà yìí bí ẹní mowó. Àárín wọn ló dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, Hàúwà tó ń ta kúnú lódìkejì ojú irin pe màámi.

"Haba, Màmá! Ẹ ò fi ẹnì kankan sílẹ̀?"

"Ọmọ mi ló pè mí," màámi dá a lóhùn. "Ta ni n ó tún máa ṣọ́?"

Wọ́n jókòó nínú oòrùn Bukuru títí di aago méjì. Moses kò yọjú. Nígbà tí wọ́n fi dé, katapílà ti lọ. Abọ́ tánganran kì í fọ́. Ńṣe ló ń rún. Gbogbo rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, funfun rẹ̀ ti bó dànù, bí èèpo ẹyin. Wọ́n lẹ ìwé àṣẹ mọ́ òpó iná. Ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn gan-an ni wọ́n fi báírò búlúù kọ sí àyè tí mo fi sílẹ̀.

Òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nígbà tí mo sáré dé, màámi ló wà nídìí òpó yẹn, ó ti já ìwé náà. Àwọn ọkùnrin ń ṣépè fún Moses. Màámi yíjú sí wọn, ó ní: "Moses ò mọ̀ sí i. Àwọn tó yí i ká ló ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ pè é ní òmùgọ̀, wọ́n yẹra fún un. Bàbá Ọláwándé kú láìtún kí i mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti ń ta ìwọ̀nba abọ́ tó kù, kò sì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: Moses ò mọ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́, inú á bí mi débi pé mo ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo ní, irú ìfẹ́ òmùgọ̀ wo nìyí? Ṣùgbọ́n kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀, n kò lè ṣe é.

Wọ́n yọ Moses nípò lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n wó ìsọ̀. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Angwan Rogo. Òun di kọngílá, ó di olóyè, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọlé níbi gbogbo.

Ní ọdún 1985, ó wá sílé wa ní àárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́. Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí i sí ibi tí ó ti kọ pé: "Pẹ̀lú ìwúre ìyá mi ni àwọn alábọ́ fi kó kúrò tinútinú." Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màámi ti bu gwate fún un nínú abọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó nu ẹnu, ó yọ ìwé kan jáde àti páàdì tàdáwà.

"Màmá, ẹ kàn bá mi tẹ̀ka síbí. Pé bí mo ṣe wí náà ló rí. Ìwé náà á lọ síwájú orí kìíní." Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. "Lydia mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àbí ká jọ ṣàlàyé fún Màmá?"

Ó lérò pé èyí ni yóò pa mí lẹ́nu mọ́, ó sì ti pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Mo wo gwate tó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rí i pé mo kórìíra rẹ̀ ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù ìtìjú lọ.

"Màámi, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀. Òun ló pàṣẹ. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà méjèèjì, èmi náà mọ̀."

Màámi dìde, ó wọ yàrá. Abọ́ tí mo gbé lọ sílé ìwé nígbà èwe ló gbé jáde, ìwé méjì tí wọ́n ká wà nínú rẹ̀. Ó da ojú abọ́ délẹ̀. L.O. ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

"N ò kàwé," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n kọ eléyìí sídìí abọ́ Lydia, kí wọ́n má baà jí i. Ó wà nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n fi pè wá. Ó wà nísàlẹ̀ èyí tí mo já lára òpó." Ó na ìwé àṣẹ náà sí Moses. "Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi báírò kọ yìí ńkọ́? Ta ló kọ ọ́?"

Moses ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Gwate rẹ ń tutù," màámi wí. "Jẹ ẹ́ tán. N kì í lé ẹni tó ń jẹun."

Kò jẹ ẹ́ tán. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, ó gbàgbé tàdáwà rẹ̀ sórí tábìlì. A gbọ́ mọ́tò rẹ̀ títí ó fi yà sí ọ̀nà Bukuru.

Mo kúnlẹ̀.

"Màámi, ṣé láti ọjọ́ náà lẹ ti mọ̀ pé èmi ni?"

"Láti ìdí òpó."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ pé Moses ò mọ̀? Ọdún mẹ́jọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní òmùgọ̀."

Ó gbé abọ́ Moses, ó da gwate ìdajì náà sí àwọn adìyẹ níta kó tó dá mi lóhùn.

"Bí mo bá ní ó mọ̀, wọn á ní ta ló bá a tẹ lẹ́tà náà. Lydia, ṣé Moses ni mo bí ni?"