Ojú Màmá Ẹ-Dákẹ́

Ìyá mi kì í pariwo. Ilé ìkàwé ló ń bójú tó láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó ń lé ariwo kò gbọdọ̀ pariwo. Ojú ló fi ń ṣe é. Kí àwọn ọmọ iléèwé ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nídìí pẹpẹ ìwé, á gbójú sókè lórí tábìlì rẹ̀, á fajú ro, gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́. "Màmá Ẹ-Dákẹ́" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ "ẹ dákẹ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ojú yẹn kan náà ló fi tọ́ èmi náà dàgbà.

Ẹ̀fọ́rí ni wàhálà rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, á gba ẹ̀bátí gòkè, á wá jókòó síwájú orí bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Ó lo oògùn títí, ó sú u, ó sú èmi náà. Èmi ni mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyẹn fọwọ́ tẹ èjìká àti ọrùn rẹ̀, ó ní gbogbo iṣan ibẹ̀ ti le gbagidi, pé abẹ́rẹ́ bótọ́kìsì ló máa dẹ̀ wọ́n.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ìyá mi bi í.

"Májèlé ni, mà. Àmọ́ bíńtín báyìí ni."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o."

Ó gbà á ṣáá, síwájú orí, sí ẹ̀bátí, sẹ́yìn ọrùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí orí náà fi rọlẹ̀. Ìyá mi ń kọrin nídìí ìkòkò, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àfi bó ṣe pè mí láti ibi iṣẹ́.

"Ojú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ẹ ò ríran ni?"

"Mo ríran dáadáa. Mo lejú mọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Mo sáré débẹ̀. Lóòótọ́, ilé ìkàwé ti di ibùdó ọkọ̀. Ìyá mi ń bínú tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́ kó lè fajú ro mọ́, iwájú orí rẹ̀ tẹ́jú bí aṣọ ìbùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ọmọ tí kò jẹ́ sún mọ́ tábìlì rẹ̀ rí ló yí i ká, tí wọ́n ń béèrè ìwé. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ròyìn ilé wọn fún un, ó ń bi í bóyá ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ti lọ.

"Wọ́n ti sọ mí di ẹgbẹ́ wọn," ó ní. "Tí mo bá tún máa gba abẹ́rẹ́ yẹn, kí dókítà yọ iwájú orí sílẹ̀. Bí kò bá gbà, n ò lọ mọ́."

"Màmá, ẹ fẹ́ máa jẹ̀rora torí kí ọmọ ọlọ́mọ lè máa bẹ̀rù yín?"

Ó wò mí. Mo ti ń tẹrí ba kí n tó rí i pé iwájú orí rẹ̀ ṣì tẹ́jú. Ẹ̀rín pa mí, ó pòṣé.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, agbára abẹ́rẹ́ náà tán. Mo lọ gbé e níbi iṣẹ́, mo bá a tó di ọrùn mú, ariwo sì gba gbogbo ilé. Ó gbójú sókè, ó fajú ro. Ojú náà ti padà, kíkan kíkan. Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an tẹrí ba. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ìyá mi sì wò mí bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin ọjọ́sí dìde nílẹ̀, ó fìka lé ètè.

"Ẹ rọra," ó sọ fún àwọn yòókù. "Orí ti tún ń fọ́ màmá."

Ẹnì kan pa iná tó wà lókè tábìlì. Òmíràn gbé omi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá mi wò wọ́n títí. Ó mu omi náà, ó fọwọ́ pè mí.

"Pe dókítà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Sọ fún un pé kó má yọ iwájú orí sílẹ̀."