Omi Àdúrà Yí Ráútà Ká

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ tẹlifíṣàn tún ṣe ní Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ má wulẹ̀ ya ilé Sarah. Obìnrin náà mọ àdúrà gbà, ó mọ gààrí yan, ṣùgbọ́n ti tẹlifíṣàn yẹn, ká ṣáà máa wò ó.

Naomi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Lẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ Aládúrà tó ń lọ níbẹ̀ máa ń gbé ìsìn Sọ́ńdè sórí áàpù kan, ìdí nìyẹn tí Sarah fi ra tẹlifíṣàn ńlá àti ráútà, ẹ̀rọ tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ojú ọmọ ló fẹ́ rí. Láti ìgbà tí Naomi ti lọ, ohùn nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù, ohùn kì í sì í yó ìyá.

Àwòrán tó wá ń jáde ńkọ́? Bí ẹ̀kọ tó ní kókó ló rí. Gbogbo akọrin wọ sùtánà funfun, gbogbo wọn rí bàìbàì. Síbẹ̀, Sarah ti mú tiẹ̀.

"Naomi rèé! Ìyẹn tó ń jó níwájú yẹn!"

Bùsúyì, ọkọ rẹ̀, ní òun ò rí ju funfun lọ. Sarah ní ojú rẹ̀ ló ń kú. Sarah á dìde, á bá ọmọ jó, á nawọ́ sí i, á gbàdúrà, á sunkún. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á pe Naomi: "Mo rí ẹ lónìí o, ijó yẹn dùn." Naomi á ní, "Ẹ ṣé, Màámi."

Farouk tó gbé tẹlifíṣàn náà kọ́ ògiri wá wò ó. Ó yí àwòrán inú áàpù sí èyí tó mọ́ jù, ó pa ráútà, ó tún un tàn, ó ní kí wọ́n gbé e sí gbangba, kí nǹkan kan má dí i. Sarah dúpẹ́ gan-an. Bí Farouk ṣe yísẹ̀ báyìí, Sarah gbé ráútà lọ sórí tábìlì àdúrà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó fi ike omi àdúrà yí i ká, torí tí nǹkan bá ń díni, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ọ̀tá? Àwòrán túbọ̀ bàjẹ́. Ọ̀tá yìí mà lágbára o! Sarah fi ike kún ike títí ẹnikẹ́ni ò fi rí ráútà mọ́.

Bùsúyì ní tiẹ̀ gbá ẹ̀yìn tẹlifíṣàn lábàrá. Kálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tí Olúwa fún un.

Ní Sọ́ńdè kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìsìn Lẹ́ẹ̀dì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi sì tán nílé. Bùsúyì fẹ́ wẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ike omi rẹpẹtẹ, ló bá ń kó wọn lọ sí balùwẹ̀.

"Bàbá Naomi! Omi àdúrà lẹ fẹ́ fi wẹ̀?"

"Ṣé ara tèmi ò nílò àdúrà ni?"

Kí Sarah tó fèsì, àwòrán là. Ó là kedere débi pé bọ́tìnì ọrùn sùtánà hàn. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Omi tó pọ̀ tó yẹn ló ti ń dí ráútà lẹ́nu.

"Halelúyà!" Sarah sáré síwájú, ó nawọ́ láti fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀.

Obìnrin tó ń jó náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

Sarah wo àwọn akọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Naomi ò sí níbẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pè é.

"Naomi, níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́, Màámi. Ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń fi mí sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn."

"Kí lo wá ń dúpẹ́ fún nígbà tí mo ní mo rí ẹ?"

"Inú yín ń dùn, Màámi. Kí ni kí n sọ?"

Bùsúyì dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọṣẹ bò ó lára. Lórí tẹlifíṣàn, obìnrin yẹn ń bá ijó rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé àdúrà Sarah gbà lóòótọ́, ara obìnrin náà le koko.

Inú bí Sarah, ojú sì tì í. Ó lanu láti bá Naomi wí, àmọ́ nǹkan mìíràn ló jáde.

"Ọmọ mi, ṣé o ń rí oorun sùn?"



"Rárá, Màámi. Ó ti rẹ̀ mí." Ló bá bú sẹ́kún.

Sarah kẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí Naomi máa sunkún rẹ̀, òun ń gbọ́.